Ṣíṣe Atọ́nà Ìwádìí Ilé Ìkàwé Lórí Ayélujára fún Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra àpilẹ̀kọ àṣekágbá sílẹ̀ fún ìwé-ẹ̀rí NCE ni ó máa ń sọ fún olùkọ́ pé àwọn kò rí ìwé kankan lórí kókó tí a fún àwọn. Bí a bá wádìí ohun tí wọ́n ṣe, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ sínú Google, wọ́n wo ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n sì pa á tì. Ìwé wà, ẹni tí yóò fọ̀nà hàn wọ́n ni kò sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ilé ìkàwé ṣe lè jọ ṣe atọ́nà ìwádìí tí yóò wúlò. Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ni a ó tẹnu mọ́ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni atọ́nà tí a ṣe fún èdè mìíràn kò ti lè ràn wá lọ́wọ́.

Kí ni Atọ́nà Ìwádìí?

Atọ́nà ìwádìí ni ojú ewé kan lórí ìkànnì ilé ìkàwé tí ó ń darí ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí sí ibi tí ohun èlò rẹ̀ wà, yálà ìwé orí pẹpẹ, jọ́nà tàbí ìwé àtijọ́ tí a ti gbé sórí ayélujára. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Springshare ti gbé LibGuides jáde ní 2007 ni irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ ní àwọn fásitì Amẹ́ríkà. Kò pọn dandan kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ra irú èyí. Ojú ewé lásán lórí ìkànnì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó, bí ohun tí a kọ síbẹ̀ bá dára.

Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ni Ìpìlẹ̀

Àwọn kan máa ń kó orúkọ ogójì ìkànnì jọ sójú kan, wọn a sì pè é ní atọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá débẹ̀ yóò tún sọnù ni. Iṣẹ́ tí a yàn fún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yẹ kí a fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí kókó bá jẹ́ ìjálá, ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún ìbẹ̀rẹ̀. A lè dárúkọ The Content and Form of Yoruba Ijala tí Adébóyè Babalọlá kọ ní 1966, kí a sì fi gbólóhùn kan sọ pé ìjálá wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. A lè fi Funeral Dirges of Yoruba Hunters tí Bádé Àjùwọ̀n kọ ní 1982 tì í, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìrèmọ̀jé wé ìjálá.

Ó yẹ kí nọ́ńbà pẹpẹ náà wà níbẹ̀. Nínú ìlànà Library of Congress, PL8821 títí dé PL8824 ni ti Yorùbá. Nínú ìlànà Dewey, 496.333 ni ti èdè, 896.333 sì ni ti lítíréṣọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi nọ́ńbà yìí dé ìdí pẹpẹ lè rí ìwé tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó lè wà nínú àpò ṣòkòtò.

Àkọtọ́ àti Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Wá Ìwé

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni ó tẹ̀lé àkọtọ́ àtijọ́. Ìwé tí I. O. Delano kọ ní 1955 ń jẹ́ Aiye d'Aiye Oyinbo. Ẹni tí ó bá tẹ "ayé" nìkan lè má rí i láéláé. Bẹ́ẹ̀ náà ni "enia" àti "Oshogbo" rí. Bí ó bá ṣe Ṣàngó ni a ń wá, "Sango" àti "Shango" wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, "Xangô" ni wọ́n ń kọ ní Bràsíl, "Changó" sì ni ní Kúbà.

Ọ̀rọ̀ àmì ìsàlẹ̀ tún wà níbẹ̀. Àwọn kan ń fi àmì kínkín bíríkítí sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré tí ó nàró. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, kí atọ́nà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin wọ̀nyí:

(i) kí ó kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì kankan;
(ii) kí ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀;
(iii) kí ó tẹ̀ ẹ́ ní àkọtọ́ àtijọ́;
(iv) kí ó tẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá a mu.

Àlàyé àti Ìtọ́jú

Kí gbólóhùn kan tẹ̀lé orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan láti sọ ìwúlò àti ààlà rẹ̀. The History of the Yorubas, tí Samuel Johnson parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Internet Archive. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ojú Ọ̀yọ́ ni òǹkọ̀wé náà fi wo ìtàn. Ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ó dà kọ sórí ayélujára. Pẹpẹ tí ó wà ni kí a tọ́ka sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan tẹ gbogbo líǹkì wò, kí ó yọ èyí tí ó ti kú, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó ṣe àtúnṣe sísàlẹ̀. Kí a tún tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà fún ilé ìkàwé, nítorí iná mànàmáná àti owó dátà.

Ìkádìí

Olùkọ́ tí kò mọ bí a ti ń wá ìwé yóò máa fi ìwé kan ṣoṣo kọ́ni títí yóò fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ yóò sì gbà pé kò sí ohun mìíràn tí a kọ ní èdè wọn. Bí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ bá mú kókó kan péré, tí ó sì jókòó ti òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé láti ṣe atọ́nà rẹ̀, iṣẹ́ náà kò ní pẹ́ kárí.