Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Àrùn Gbọ̀nrìgbọ̀nrì, Àmì Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Bí ọwọ́ àgbàlagbà bá ń gbọ̀n ní ìlú wa, Òkàkà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹnì kan á ní ọjọ́ ogbó ni. Ẹlòmíràn á ní ayé ló ń dà á láàmú. Ẹnì kẹta á ní rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ kọlù ú. Nígbà mìíràn, kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àrùn kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Àwọn dókítà ń pè é ní Parkinson's. Àwa yóò máa pè é ní àrùn gbọ̀nrìgbọ̀nrì nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Kí ni àrùn náà?

Dókítà ará London kan, James Parkinson, ló kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1817. Ènìyàn mẹ́fà péré ló sọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé náà. Ojú pópó ló ti pàdé àwọn kan nínú wọn, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń rìn.

Inú ọpọlọ ni àrùn náà wà. Apá kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ dopamine. Dopamine ni ìránṣẹ́ tí ọpọlọ ń lò láti fi darí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú. Nínú ẹni tó ní àrùn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine ń kú díẹ̀díẹ̀. Ara kì í tètè mọ̀. Kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, púpọ̀ nínú wọn ti lọ.

Àrùn yìí kì í ràn. Ẹ lè bá ẹni tó ní in jẹun nínú àwo kan náà, kò séwu.

Àwọn àmì tí ojú lè rí

Ẹ jẹ́ ká fi àgbẹ̀ kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣe àpẹẹrẹ. Ó jókòó sábẹ́ igi káṣú, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, àtàǹpàkò rẹ̀ ń yí lórí ìka ìfábẹ̀lá láìdúró. Bó bá na ọwọ́ mú ọkọ́, gbígbọ̀n náà á rọlẹ̀. Bó bá tún gbé ọwọ́ lé itan, á padà dé. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìgbà tí ọwọ́ bá ń sinmi ni àrùn yìí ń gbọ̀n ọ́n jù. Ọwọ́ tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń gbé ife sẹ́nu nìkan ló ń gbọ̀n, nǹkan mìíràn ló sábà máa ń fà á. Apá kan ara ni àrùn yìí sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kó tó dé apá kejì.

Àmì kejì ni ìlọ́ra. Ebè tí bàbá yìí ń kọ lọ́jọ́ kan ti di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Dídi okùn ṣòkòtò ń pẹ́. Bó bá ń kọ̀wé, lẹ́tà àkọ́kọ́ á tóbi, àwọn tó kù á máa kéré sí i títí dé òpin ìlà.

Àmì kẹta ni líle ara. Ejìká àti ọrùn le, wọ́n ń dùn ún. Àwọn ará ilé ń fi Aboniki pa á, kò lọ.

Àmì kẹrin wà nínú ìrìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, ìgbésẹ̀ á kúrú, ọwọ́ kan kò ní máa jù síwájú sẹ́yìn mọ́ bó bá ń rìn. Bí àrùn náà bá ti pẹ́ lára, ẹsẹ̀ lè ṣàdédé lẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá dé ẹnu ọ̀nà. Ṣíṣubú á wá pọ̀.

Àwọn àmì tó máa ń pamọ́

Àwọn àmì kan lè ti wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ tó gbọ̀n. Ẹni náà lè má gbọ́ òórùn irú nínú ọbẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ lè máa ṣòro fún un láti yà. Ó lè máa pariwo, kó máa ta ẹsẹ̀, kó máa ju ẹ̀ṣẹ́ lójú oorun. Nílé tiwa, wọ́n á ní ó ń bá àjẹ́ jà. Àrùn ọpọlọ yìí gan-an lè máa fa irú oorun bẹ́ẹ̀.

Ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ní fi ẹ̀rín hàn mọ́, àwọn ọmọ á sì rò pé bàbá ń bínú. Ìbànújẹ́ ọkàn náà wọ́pọ̀ nínú àrùn yìí.

Rọpárọsẹ̀ yàtọ̀ sí i. Rọpárọsẹ̀ máa ń dé lójijì: ẹnu á wọ́, apá kan ara á rọ. Ẹni tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àrùn gbọ̀nrìgbọ̀nrì máa ń rọra wọlé ni.

Ìwádìí ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà

Láàárín ọdún 1980 sí 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti University College Hospital, UCH, Ìbàdàn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá. Wọn kò jókòó sí ilé ìwòsàn kí aláìsàn wá bá wọn. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń wọ̀, tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń yẹ àwọn ènìyàn wò. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní agbègbè Copiah, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà.

Èsì rẹ̀ jáde ní 1988. Láàárín àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè, ìṣirò ti Igbó-Ọrà jẹ́ 67 nínú 100,000 ènìyàn. Ti Copiah jẹ́ 341. Ìran kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ibùgbé wọn yàtọ̀. Àwọn olùwádìí náà wá ní ó ṣeé ṣe kí ohun tó yí ènìyàn ká lọ́wọ́ nínú àrùn yìí. Àrùn náà kò pọ̀ láàárín wa nígbà náà, ṣùgbọ́n ó wà. Àwa tí a wà láyé báyìí sì ń dàgbà ju àwọn ti ìgbà náà lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbàlagbà ni àrùn yìí máa ń mú jù.

Ní Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde ní 2010. Ènìyàn 124 tó ní irú àmì wọ̀nyí ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú wọn, 98 ló ní àrùn gbọ̀nrìgbọ̀nrì gan-an. Nǹkan mìíràn ló fa ti àwọn yòókù. Nǹkan bí ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ti fi ń gbọ̀n kí wọ́n tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà wà nínú iṣẹ́ ńlá kan tó jáde ní 2023. Wọ́n yẹ àbùdá àjogúnbá àwọn aláìsàn 1,488 tí ìran wọn ti Áfíríkà wá, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n rí àyípadà kan tó jẹ́ pé ara ìran aláwọ̀ dúdú ni a ti máa ń rí i. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan, ewu rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀. Ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ní àyípadà náà tí wọn kò ní ṣàìsàn yìí láéláé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìdílé kan ní èpè.

Ewé méjì láti inú igbó wa

Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ láti tọ́jú wèrè láti ọjọ́ pípẹ́. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ reserpine. Ó ń pẹ̀rọ̀ sí orí gbígbóná, ṣùgbọ́n ó tún ń tú dopamine dànù nínú ọpọlọ.

Ní 1957, Arvid Carlsson ní Sweden fún ehoro ní reserpine. Ehoro náà dùbúlẹ̀, kò lè mira. Ó wá fún un ní levodopa, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ ń sọ di dopamine. Láìpẹ́, ehoro náà dìde, ó ń rìn. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí dopamine yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2000. Ní 1961, àwọn dókítà ní Vienna fún àwọn aláìsàn ní levodopa lábẹ́rẹ́, àwọn tó ti di ẹni àgbégbéṣe dìde rìn. Ní 1967, George Cotzias ní New York fi hàn pé bí a bá ń gbé e mì, tí a sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́.

Ewé kejì ni wèrèpè, èyí tó ń yún ara wa lóko. Levodopa gan-an wà nínú hóró rẹ̀. Ní 2017, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Bolivia fi ìyẹ̀fun hóró rẹ̀ wé oògùn ilé ìwòsàn, ó sì ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ló ń wọn ìyẹ̀fun náà, tí wọ́n sì ń ṣọ́ aláìsàn. Hóró kan lè ní púpọ̀, èkejì lè ní díẹ̀. Ẹni tó bá kàn gbo ó mu lè bì, kí òòyì kọ́ ọ, kó ṣubú. Ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀ nílé.

Bí dókítà ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún àrùn yìí ní ilé ìwòsàn wa. Ojú, ọwọ́ àti etí dókítà ni irinṣẹ́. Yóò ní kí aláìsàn fi àtàǹpàkò kan ìka ìfábẹ̀lá léraléra kíákíá, yóò sì wò ó bóyá ó ń lọ́ra, tí ìka kò sì là tó ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Yóò di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò máa tẹ ìgúnpá rẹ̀ wọlé, yóò máa nà án jáde. Bí àrùn yìí bá wà níbẹ̀, apá náà á máa há díẹ̀díẹ̀, kò ní lọ geere. Yóò ní kó kọ̀wé, kó dìde lórí àga, kó rìn lọ kó rìn bọ̀. Yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀, yóò fa ejìká rẹ̀, láti mọ̀ bóyá yóò lè gbé ara rẹ̀ dúró. Bí ó bá fún un ní levodopa tí ara rẹ̀ sì yá dáadáa, ẹ̀rí ńlá nìyẹn.

Àwọn oògùn kan pẹ̀lú lè fa gbígbọ̀n. Lára wọn ni oògùn wèrè bíi haloperidol àti Largactil, oògùn èébì metoclopramide, àti reserpine tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru láyé àtijọ́. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò sínú àpò kan, títí kan àgbo, kí ẹ gbé e tọ dókítà lọ. Ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́.

Ìtọ́jú

Oògùn tó wo àrùn yìí tán kò tíì sí. Èyí tó ń jẹ́ kí aláìsàn lè ṣiṣẹ́, kó sì lè rìn, ti wà. Levodopa tí wọ́n pò mọ́ carbidopa ni ó ṣiṣẹ́ jù. Ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ ló dára láti lò ó, nítorí ẹ̀wà, ẹran àti ẹyin lè dènà rẹ̀ nínú ikùn. Aago rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ẹ má sì ṣàdédé dá a dúró: ara lè le pátápátá.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, agbára oògùn á tètè tán, ara á sì máa lọ́ kiri fúnra rẹ̀. Ìwádìí kan tó fi àwọn aláìsàn ní Ghana wé ti Ítálì jáde ní 2014. Àwọn ará Ghana pẹ́ kí wọ́n tó rí oògùn gbà, síbẹ̀ ìṣòro yìí bá wọn ní àsìkò kan náà. Bí àrùn náà ṣe pẹ́ tó lára àti bí oògùn ṣe pọ̀ tó lóòjọ́ ló ń fà á. Kò sí èrè nínú fífi ara jìyà.

Eré ìdárayá náà jẹ́ ìtọ́jú. Kí aláìsàn máa rìn láràárọ̀, kó máa gbé ẹsẹ̀ sókè, kó máa jó sí ìlù. Ẹ kó ohun tó lè gbé e ṣubú kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ fún un láyè láti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oògùn apakoríko

Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 láàárín àwọn tó ń fín oògùn ní oko ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tó lo paraquat, oògùn apakoríko kan, ní àrùn yìí ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀ àwọn tí kò lò ó. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Bí ẹ bá rí èyí tó ṣẹ́kù lọ́jà, ẹ má rà á. Oògùn yòówù tí ẹ bá ń fín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà, ẹ bo imú, ẹ má fi ike rẹ̀ pọn omi.

Ìbéèrè

1. Ìgbà wo ni àrùn yìí ń gbọ̀n ọwọ́ jù?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti rọpárọsẹ̀?
3. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe ìwádìí náà ní Igbó-Ọrà?
4. Àwọn oògùn wo ló lè mú kí ara máa gbọ̀n?
5. Kí ló dé tí kò fi yẹ ká gbo wèrèpè mu nílé?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ ka apá tó sọ nípa àwọn àmì sétí àgbàlagbà kan nínú agboolé yín. Bí àmì méjì bá wà lára rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí, kí ẹ béèrè fún ìwé tí ẹ ó fi rí dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ní UCH. Ọ̀nà Ìbàdàn jìn sí Òkàkà, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún méjì tí ènìyàn fi ń gbọ̀n lásán, nígbà tí oògùn wà, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.