Bàbá Ní Kí Ni Òun Fẹ́ Dúpẹ́ Sí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹni ọdún 73 ni mí, bàbá àwọn ọmọ mi ti pé 78. Iléṣà la ń gbé. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì kí a tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 1975, ọdún tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí à ń pè ní owó Údójì, la ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Ara owó náà ni wọ́n fi ra aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní oṣù Kejìlá tó ń bọ̀ yìí, á pé àádọ́ta ọdún gééré.

Ọlọ́run fún wa lọ́mọ márùn-ún. Èkejì wọn, ọkùnrin, bá jàǹbá ọkọ̀ lọ lọ́nà Ìbàdàn sí Èkó ní 2011. Àwọn yòókù ń ṣe dáadáa: méjì wà ní Houston, ọ̀kan wà ní London, àbígbẹ̀yìn wà l'Ékòó. Wọ́n ní àwọn máa gba gbọ̀ngàn, àwọn máa mú aṣọ ẹbí, àwọn máa pe olórin. Inú mi dùn. Àfi bí wọ́n ṣe fi àwòrán káàdì ìpè ránṣẹ́ sórí WhatsApp, tí bàbá kà á pé a ní "ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án". Àtọjọ́ náà ni bàbá ti ní àwọn ò bá ẹnikẹ́ni jó dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ dúpẹ́ sí.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ìgbàgbọ́ bàbá ń tutù. Àwọn ló ń ka Bíbélì fún ìjọ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á sì ti jáde lẹ́ẹ̀mejì kí ìwàásù tó parí. Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn, wọn kì í lọ rárá. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ ohun tí àlùfáà ń wí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú Ẹgbẹ́ Ìyá ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, pé ẹ̀mí àìmoore ló wọlé. Ṣé kí n gbà á ni, àbí kí n ní kí àwọn ọmọ fagi lé ìnáwó náà?

Ìyá Àgbà, Iléṣà.

*

Màmá, ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìfaradà. Àádọ́ta ọdún lábẹ́ òrùlé kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo ka lẹ́tà yín, mo tún un kà, n kò sì rí aláìmoore kankan níbẹ̀. Ara tó ń dàgbà ni mo rí, àti ọ̀fọ̀ tí kò rí ibi jókòó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ara. Ọkùnrin ẹni ọdún 78 tó ń wá ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú ìsìn kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ìtọ̀ ló ń lé e. Ẹ̀yà ara kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin tí àwọn dókítà ń pè ní prostate. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga ló máa ń tóbi, á fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀, ọkùnrin náà á wá máa dìde lọ́sàn-án lóru. Ó wọ́pọ̀, ó sì ní oògùn. Àmọ́ jẹjẹrẹ náà lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń mú jù, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń wò níran. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ò jìnnà sí yín. Ẹ mú bàbá lọ síbẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sì bi dókítà nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Bí bàbá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ béèrè bóyá ó wà lára irú èyí tó ń mú ni tọ̀, àti bóyá wọ́n lè yí àsìkò tí wọ́n ń lò ó padà láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ má fúnra yín dá a dúró o.

Ti etí náà ńkọ́? Bàbá sọ fún yín pé àwọn ò gbọ́ ohun tí àlùfáà ń wí. Ẹ kà á sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò nínú ìsìn. Mo rò pé bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tó dì sínú etí lásán, tí nọ́ọ̀sì á fọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé etí náà ti ń kú, tí wọ́n á nílò ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀. Olùkọ́ ni bàbá. Ìtìjú ńlá ni fún wọn láti máa bi àwọn tí wọ́n kọ́ ní ABD pé "kí lẹ wí?" Ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin ni ìtìjú báyìí ti lé kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwa tó kù wá ń sọ pé ayé ló fà wọ́n.

Èyí tó wúwo jù ni ti káàdì. Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́: Ọlọ́run fún wa lọ́mọ márùn-ún. Káàdì ní mẹ́rin. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yín ò ní ibi lọ́kàn, àwọn tó wà láàyè ni wọ́n kà. Àmọ́ àwọn àgbà kò ṣèèṣì sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n ka ti bàbá fún wọn, iye náà ò sì pé. Ṣé ẹ wá rí i pé ìbéèrè wọn, "kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ sí", kì í ṣe Ọlọ́run ni wọ́n ń bi? Àwọn tó kọ káàdì ni wọ́n ń bi.

Ẹ sì rántí bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa. Òbí kì í sin ọmọ. Wọn ò ní jẹ́ kí bàbá lọ síbi ìsìnkú, wọn ò ní fi sàréè hàn wọ́n. Àwọn àgbà á kó ara wọn jọ, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, gbogbo ilé á sì gbà láti má dárúkọ ọmọ náà mọ́. Àánú wà nínú àṣà yẹn, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lẹ gbọ́ orúkọ ọmọ yín lẹ́nu bàbá gbẹ̀yìn? Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá? Ìlà kan péré lẹ fi kọ ikú rẹ̀, ẹ sì sáré kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nínú Ẹgbẹ́ Ìyá pé kí wọ́n lọ ka ìwé Rúùtù. Ọkọ Náómì kú ní Móábù, ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì kú tẹ̀ lé e. Nígbà tó padà dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ó ní kí àwọn obìnrin ìlú má pe òun ní orúkọ òun mọ́, torí Ọlọ́run ti mú kí ayé òun korò. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní kó lọ gbààwẹ̀. Nígbà tí Rúùtù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, bímọ níkẹyìn, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kan náà ló la ẹnu dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí Náómì. Ní orí tó parí ìwé náà, òun fúnra rẹ̀ ò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kàn gbé ọmọ náà mọ́ àyà ni. Wọ́n bá a dúpẹ́ títí tó fi lè gbé ọmọ. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ìyá nìyẹn.

Bíṣọ́ọ̀bù Crowther tiwa náà mọ bí ọpẹ́ ṣe ń dàpọ̀ mọ́ omijé. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Oṣù Kẹjọ 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ló tó fojú kan ìyá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kàn di ara àwọn mú ni, tí àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, tí omijé ń ṣàn lójú ìyá. Ogun ti gba bàbá rẹ̀ lọ. Ta ló máa sọ pé ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ ọpẹ́?

Nítorí náà, ẹ má gbààwẹ̀ àìmoore kankan. Ẹ má sì tíì fagi lé nǹkan kan. Ẹ ní kí àwọn ọmọ dá káàdì náà dúró ná. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà nílé, ẹ dárúkọ ọmọ yín fún bàbá, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má tù wọ́n nínú, ẹ má ka Bíbélì sí wọn létí. Bí wọ́n bá sunkún, ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún, kí ẹ̀yin náà sun tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ lọ bá àlùfáà yín pé kó fún yín ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, ìsìn tí ò ní ju wákàtí kan lọ, kó sì dárúkọ ọmọ márààrún nínú àdúrà. Bí bàbá bá gbà lẹ́yìn èyí pé kí wọ́n ṣe ìnáwó, kí káàdì tuntun sọ pé ọmọ márùn-ún, pé ọ̀kan ti sùn nínú Olúwa. Bí wọn ò bá gbà, ẹ̀yin ẹ da aṣọ yín bora, kí ẹ bá Ẹgbẹ́ Ìyá jó dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí bàbá jókòó síbi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àádọ́ta ọdún náà, tiyín ni pẹ̀lú, ayọ̀ yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí òkú ọmọ yín.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Houston, ní London àti l'Ékòó, bí ìwé ìròyìn yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín: ẹ mú owó ilé ìwòsàn àti ti ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò nínú owó olórin kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Ẹ pe bàbá yín, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó lọ.

Màmá, ẹ má dúró de oṣù Kejìlá. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.