Páálí méjì, ọkọ̀ kan ṣoṣo: Ẹ wo ibi tí owó ń gbà sá lọ

Iṣẹ́ kan tó jọ eré ọmọdé la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, ẹ̀yin oníṣòwò wa, nítorí pé bí owó ṣe ń pòórá nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀ tàbí ti wẹ́dà. Iṣẹ́ àwọn tó ń to mọ́tò kéékèèké ni, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì fún ẹwà. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kó ike rẹ̀ ní wẹ́wẹ́ sínú páálí, pẹ̀lú ìwé tó ṣàlàyé bí èèyàn yóò ṣe lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí páálí kan kì í tó. Wọ́n á mú bọ́dì nínú ọ̀kan, wọ́n á mú ẹ́ńjìnnì nínú òmíràn, wọ́n á wá to mọ́tò asáré tí kò sí nínú páálí kankan. Àwọn tó ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ máa ń fowó gidi rà á.

Kí ló fà á tí páálí kan kì í tó? Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú Shizuoka lórílẹ̀-èdè Japan, níbi tí Tamiya, Aoshima àti Fujimi wà. Ilé-iṣẹ́ ìlagi ni Tamiya nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1946. Ọdún 1960 ló ṣe èyí àkọ́kọ́ tó fi ike ṣe, ọkọ̀ ogun ojú omi sì ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Porsche 934 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1976, Shunsaku Tamiya, ọmọ olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ra odidi Porsche 911 gidi, ó sì tú u palẹ̀ kí wọ́n lè wọn gbogbo ara rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò 1/24 tó ń ti Japan wá ni kò ní ẹ́ńjìnnì nínú. Láyé ọjọ́un, ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì ni wọ́n ń fi sínú ọ̀pọ̀ wọn kó lè sáré, ìyẹn ló sì gba àyè ẹ́ńjìnnì. Fujimi ní tirẹ̀ ṣe àwọn Porsche 911 kan tí ẹ́ńjìnnì wọn pé pérépéré, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n pè ní Enthusiast. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́dì ti ọ̀kan àti ẹ́ńjìnnì ti èkejì, àfi kó ra méjèèjì.

Níbí ni owó àkọ́kọ́ ti ń bọ́ sómi. 1/24 túmọ̀ sí pé ọkọ̀ gidi gùn ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún ju ti orí tábìlì lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ páálí Amẹ́ríkà, bíi ti AMT, 1/25 ni wọ́n. Téèyàn bá fi ojú wò ó, wọ́n jọra. Ẹ wá mú tépù. Ọkọ̀ gidi tó gùn ní mítà 4.5 yóò di mìlímítà 187.5 ní 1/24, yóò sì di 180 ní 1/25. Bọ́dì ọ̀kan kò ní jókòó sórí ṣáàsì èkejì láìjẹ́ pé wọ́n gé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo tó wà láàrin táyà iwájú àti tẹ̀yìn: ti Porsche 911 àwọn ọdún 1980 jẹ́ mìlímítà 2,272, ìyẹn bíi 94.7 ní 1/24. Kí wọ́n tó sanwó páálí kejì ló yẹ kí wọ́n ti ṣe ìṣirò yìí, kì í ṣe ìgbà tí ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́.

Ó wá ku owó fúnra rẹ̀. Ká ní oníṣẹ́ ọwọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra páálí kìíní ní 40 pọ́n-ùn, ó ra èkejì ní 35. Ó ra irin wẹ́wẹ́ àti bẹ́líìtì ìjókòó ní 25. Ọ̀dà, gọ́ọ̀mù àti sáńpépà gba 15. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 115. Oníbàárà san 250, inú ọkùnrin yìí sì dùn pé òun jèrè 135. Ó dáa, wákàtí mélòó ló fi ṣe é? Tó bá jẹ́ 60, a jẹ́ pé 2.25 pọ́n-ùn ló ń gbà ní wákàtí kan. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí òfin ló pàṣẹ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ san fún un. Tó bá fẹ́ gba 10 pọ́n-ùn ní wákàtí kan, 715 ló yẹ kó tà á. Bí oníbàárà kò bá ní san tó bẹ́ẹ̀, àfi kó wá bí wákàtí ṣe máa dín kù, bíi kó kun bọ́dì mẹ́ta pọ̀ lọ́jọ́ kan dípò kó máa fọ ẹ̀rọ ìkunlé nígbà mẹ́ta.

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Yóò ní ẹ́ńjìnnì nìkan lòun mú nínú páálí kejì, nítorí náà 10 pọ́n-ùn péré lòun kà mọ́ iṣẹ́ náà. 25 tó kù ńkọ́? Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí irú rẹ̀ bá pé ogún, 500 pọ́n-ùn ló ń sùn níbẹ̀ yẹn. Tẹ́lọ̀ tó ra léèsì ọ̀pá márùn-ún nítorí ọ̀pá mẹ́ta, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Gbogbo 35 yẹn ló yẹ kó wà lọ́rùn iṣẹ́ tó mú kí wọ́n ra páálí náà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bí ọjà tó wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá ta táyà rẹ̀ ní 6 pọ́n-ùn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, owó tuntun ló wọlé yẹn. Ọgbọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ràn: tí àlàfo táyà méjèèjì bá dọ́gba, bọ́dì àti ṣáàsì tí wọn kò lò lè di ọkọ̀ kejì tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á tà ní owó pọ́ọ́kú.

Gọ́ọ̀mù náà ń ba ọjà jẹ́. Gọ́ọ̀mù ike máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n lè di ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò mú résìnì tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké fi ń ṣe ẹ̀yà àfikún. Super glue ló ń mú un, èéfín rẹ̀ sì lè sọ gíláàsì ọkọ̀ di funfun. Gíláàsì kan péré tó bàjẹ́ lè mú kéèyàn ra páálí kẹta. Tẹ́ẹ̀pù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀ wò.

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ ra páálí kejì rárá. Wọ́n á fi rọ́bà gba àwòrán ẹ́ńjìnnì ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n á máa da résìnì sí i, wọ́n á máa tà á. Èmi kò rí i bí ọgbọ́n. Olè ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè é, ẹni tó ni ẹ̀yà náà sì lè gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Àwọn tó ń ṣe páálí gan-an ń gba àṣẹ lọ́wọ́ Porsche tàbí Ferrari kí wọ́n tó lo orúkọ wọn.

Ti oníbàárà ló kù. Ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì: bọ́dì wá láti inú páálí báyìí, ẹ́ńjìnnì láti inú tọ̀hún, èyí la fọwọ́ ṣe. Ẹ sì gba owó ìdókòwò kẹ́ ẹ tó tú páálí kankan. Ó kéré tán, kó jẹ́ iye tó máa ra páálí méjèèjì, ìyẹn 75 pọ́n-ùn nínú àpẹẹrẹ wa, nítorí ẹni tó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ẹ ti gé bọ́dì, kò sí ilé ìtajà tó máa gba ike gígé padà lọ́wọ́ yín.