Fílítà Ọkọ̀ Ojú Omi fún Jẹnẹrétọ̀ Ilé Ìtẹ̀wé

ÌBÉÈRÈ

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ní ní Ring Road, n'Ìbàdàn níbí. Jẹnẹrétọ̀ oní-dísù wa, 40 kVA, wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé. Perkins ni wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnì rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà 4.236. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí họ́ọ̀sì kan tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì náà ti ń tú èéfín tó ní óyìlì nínú. Ògiri yàrá ti dúdú, eruku ti lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀, òórùn rẹ̀ sì ń wọlé débi tí a kó bébà sí. Oníbàárà kan dá káàdì ìgbéyàwó padà fún mi, ó ní òórùn dísù lòun ń gbọ́ lára rẹ̀. Mẹkáníìkì wa ní kí a fi àkísà dí ẹnu họ́ọ̀sì yẹn. Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tọ́ọ̀gì ní Àpápá ní rárá, pé fílítà kan wà tí wọ́n ń so mọ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn, kí n lọ ra ọ̀kan. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé ohun tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi lè wúlò lórí ilẹ̀?

Ìyá Onítẹ̀wé, Ring Road

ÌDÁHÙN

Bí wọ́n bá ti fi àkísà dí họ́ọ̀sì yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ lónìí, kí wọ́n tó tún tan ẹ́ńjìnì náà. Ọmọ àbúrò yín ló tọ̀nà. Fílítà náà á ṣiṣẹ́ fún yín, àmọ́ ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì yín kí ẹ tó náwó lé e.

Nígbà tí epo bá jó nínú sílíńdà, agbára rẹ̀ ló ń ti písítìnì lọ sílẹ̀. Àwọn ríìngì tó yí písítìnì ká ni kì í jẹ́ kí gáàsì náà sá lọ. Kò sí ríìngì tó ń dí i tán, ì báà jẹ́ ti ẹ́ńjìnì tuntun. Díẹ̀ á yọ́ kọjá lọ sísàlẹ̀, níbi tí óyìlì gbígbóná ti ń ta káàkiri lára kiráńkì, gáàsì náà á sì gbé óyìlì wínníwínní dání, á máa wá ọ̀nà jáde. Họ́ọ̀sì tí ẹ rí yẹn ni ọ̀nà rẹ̀; bíríídà là ń pè é. Bí ẹ bá dí i, gáàsì á kóra jọ títí á fi rí ibi tó rọ̀ gbà jáde, ibẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ síìlì iwájú tàbí síìlì ẹ̀yìn kiráńkì. Síìlì ẹ̀yìn yẹn, wọn ò lè pààrọ̀ rẹ̀ láìyọ ẹ́ńjìnì kúrò lára jẹnẹrétọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni, ilé ìtẹ̀wé á sì wà lókùnkùn.

Àwọn atukọ̀ kì í fi kùrukùru óyìlì ṣeré. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1947, ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Reina del Pacifico ń ṣe ìdánwò lójú omi nítòsí Belfast lẹ́yìn àtúnṣe. Písítìnì kan gbóná kọjá àlà, kùrukùru óyìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì gbiná, ó sì bú gbàù. Ènìyàn 28 ló bá a lọ. Lónìí, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ńláńlá máa ń ní fáàfù tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára inú rẹ̀ bá ga lójijì. Ẹ má fòyà, ẹ́ńjìnì kékeré bíi tiyín kì í sábà ṣe irú ìyẹn. Mo sọ ọ́ kí mẹkáníìkì yín lè mọ̀ pé ihò tó fẹ́ dí yẹn, wọ́n dìídì fi í síbẹ̀ ni.

Ní ti pé bóyá ohun ojú omi lè wúlò lórí ilẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì yín. 4 ni iye sílíńdà rẹ̀. 236 ni ìwọ̀n àyè inú wọn ní ínǹṣì kúbíìkì, ìyẹn bíi lítà 3.9. Ẹ́ńjìnì yìí kan náà ni Perkins ṣe fún tirakítọ̀ Massey Ferguson, fún jẹnẹrétọ̀, àti fún ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó lọ sójú omi ni wọ́n fi lẹ́tà M kún nọ́ńbà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mú un tutù ló yàtọ̀ jù, iṣẹ́ ríìngì àti bíríídà kò yàtọ̀. Yàrá ẹ́ńjìnì inú ọkọ̀ kì í fẹ̀, kì í sì í rí atẹ́gùn tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè máa sùn lókè rẹ̀ gan-an. Èyí ló mú kí àwọn ọlọ́kọ̀ tètè gba fílítà yìí. Yàrá ẹ̀yìn ilé yín kò sàn ju tiwọn lọ.

Racor, Walker AirSep àti ProVent tí Mann+Hummel ń ṣe ni àwọn orúkọ tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Nínú Racor àti ProVent, òwú kan wà tí gáàsì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ẹ̀kán óyìlì wínníwínní á lẹ̀ mọ́ òwú náà, wọ́n á para pọ̀ di ńlá, wọ́n á sì sàn sísàlẹ̀ padà sínú sọ́ǹpù, ìyẹn ibi tí óyìlì ń dúró sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Gáàsì tí kò ní óyìlì mọ́ á gba òkè jáde, á wọ ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa atẹ́gùn, á sì tún jó. Kò sí ohun tó ń tú sínú yàrá mọ́.

Wàyí o, ohun tí mo ní kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nìyí: ṣé èémí ẹ́ńjìnì yín ṣì wà níwọ̀n, àbí ríìngì ti jẹ? Bí ríìngì bá ti jẹ, gáàsì tó ń jáde á pọ̀ ju agbára fílítà lọ, òwú rẹ̀ á kún láìpẹ́, owó yín á sì ṣòfò. Ẹ ní kí wọ́n fa gééjì óyìlì yọ ná. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ló máa ń bu óyìlì kọjá àmì òkè, kiráńkì á sì máa nà án. Ó lè jẹ́ gbogbo wàhálà yín kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí gééjì bá dára, ẹ ṣe èyí nígbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná. Ẹ tú ìdérí ibi tí a ń da óyìlì sí, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ihò rẹ̀ láìdè é. Bí ó bá ń mì tìtì díẹ̀ bí ìdérí ìkòkò tó fẹ́ hó, kò burú. Bí ó bá fò dànù, iṣẹ́ ríìngì ló kàn, kì í ṣe ti fílítà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ó ń fúnni ní iye tí a lè kọ sílẹ̀. Ẹ yá họ́ọ̀sì funfun tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó rí bíi lẹ́tà U lára pákó kan, ẹ bu omi dé ìdajì rẹ̀. Ẹ wá ìdérí óyìlì àlòkù, ẹ lu ihò sí i, ẹ fi dé ibi tí a ń da óyìlì sí, kí ẹ sì so ẹnu họ́ọ̀sì kan mọ́ ọn. Ẹ fi ẹnu kejì sílẹ̀ gbayawu. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ gbé gbogbo iṣẹ́ lé e: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé GTO, ẹ̀rọ tó ń gé bébà, ẹ́ẹ̀sì, gbogbo rẹ̀ pátá. Omi á lọ sílẹ̀ lápá kan, á ga lápá kejì. Ẹ fi rúlà wọn ìyàtọ̀ àárín wọn. Mìlímítà 10 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílíbà kan, ìyẹn bí ẹ bá fẹ́ fi í wé ohun tí ìwé ẹ́ńjìnì sọ. Ẹ kọ iye náà sára ògiri. Bí wọ́n bá so fílítà tán, ẹ tún wọ̀n ọ́n bákan náà. Bí iye rẹ̀ bá ga gan-an ju ti tẹ́lẹ̀, họ́ọ̀sì tàbí fílítà ti kéré jù. Bí omi bá yí padà, tó jẹ́ apá tó wà lára ẹ́ńjìnì ló ń ga, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnì máa fa óyìlì rẹ̀ mu. Ẹ pa á kíá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dun mí nípa jẹnẹrétọ̀ n'Ìbàdàn, láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà. A máa ń ra èyí tó tóbi ju iṣẹ́ wa lọ. 40 kVA jẹ́ bíi kílówáàtì 32. Ó yẹ kó máa gbé tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, bíi kílówáàtì 10, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà méjì àti fáànù ló ń gbé láti òwúrọ̀ dalẹ́, epo kò ní jó tán, ríìngì kò ní fẹ̀ dáadáa mọ́ ara sílíńdà, ara sílíńdà náà á sì dán débi tí óyìlì kò ní lè dúró lára rẹ̀ mọ́. Gáàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára ẹ́ńjìnì tí kò tíì gbó. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé kò bá sí, ẹ lo ínfátà fún kọ̀ǹpútà, kí ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ sinmi. Bí dídán náà kò bá tíì pẹ́, gbígbé iṣẹ́ tó pọ̀ lé ẹ́ńjìnì fún wákàtí mélòó kan lè tún un ṣe.

Ó wá kan síso fílítà náà. Fílítà gbọ́dọ̀ dúró gbọọrọ lára ògiri tàbí lára férémù, kó ga ju ibi tí óyìlì dé nínú sọ́ǹpù, nítorí pé óyìlì tó bá kó ni yóò fúnra rẹ̀ sàn padà. Ojú họ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kéré ju ti bíríídà fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ sílẹ̀ láàárín kó wá tún ga, torí pé óyìlì àti omi á dúró síbẹ̀, wọ́n á sì dí i pa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo họ́ọ̀sì omi. Óyìlì gbígbóná á mú un rọ̀, yóò sì lẹ̀. Àwọn ọlọ́jà páàtì ní Gate ní họ́ọ̀sì óyìlì àti kílíìpù onírin. Fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí óyìlì padà lọ, tí kì í jẹ́ kí gáàsì gòkè, kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sínú páálí.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹnu ibi tí gáàsì ti ń padà wọ ẹ́ńjìnì. Ẹ so ó sáàárín fílítà atẹ́gùn àti ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì rí i pé fílítà bíríídà tí ẹ rà ní fáàfù tó ń dín agbára fífà kù. Bí eruku bá dí fílítà atẹ́gùn, ẹ́ńjìnì á máa fà kíkan-kíkan láti inú sọ́ǹpù, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi óyìlì rẹ̀ ṣe epo. Nígbà náà, ẹ̀yin á ti dísù pa, òun á ṣì máa sáré, á máa yára sí i títí á fi fọ́. Ohun tó dájú jù láti fi pa á ni kí a dí ẹnu ibi tó ti ń fa atẹ́gùn. Ẹ gé pákó pẹlẹbẹ tó bo ẹnu yẹn dáadáa, ẹ so ó kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, kí ẹ sì kọ́ ọmọ tó ń tan jẹnẹrétọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kó má fi ọwọ́ rẹ̀ dí i o.

Bí owó fílítà bá wọ́n jù báyìí, ẹ fa họ́ọ̀sì bíríídà jáde kúrò nínú yàrá, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n lu ihò sí lókè, kí óyìlì máa kán síbẹ̀. Kò pé tó fílítà, àmọ́ bébà yín á bọ́ lọ́wọ́ òórùn. Óyìlì tó bá kó jọ, ẹ má dà á sí gọ́tà tó ń lọ sí odò Ògùnpa. Àwọn káfíńtà ń wá kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù óyìlì fún pákó tí wọn ò fẹ́ kí ikán jẹ.

Fílítà náà kò kan èéfín sàlẹ́ńsà rárá, ìyá wa. Páìpù sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ jáde tán síta, jìnnà sí fèrèsé. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2012 ni ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín ẹ́ńjìnì dísù ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ọ̀kan nínú gáàsì rẹ̀ tí kò ní òórùn sì lè pa ènìyàn sójú oorun. Bí òṣìṣẹ́ yín kan bá ń sùn nínú yàrá yẹn lóru, ẹ bá a wá ibòmíràn.

Ẹ fi iye méjèèjì tí ẹ kọ sára ògiri ránṣẹ́ sí mi, ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn síso. Màá sọ fún yín bóyá ó tó bẹ́ẹ̀.