Àbúrò Mi, Inú Ilé Ni Kí O Ti Bẹ̀rẹ̀ Òdòdó Rẹ

Àbúrò mi, mo mọ ohun tó máa ń wá sí ọ lọ́kàn bí o bá ń kọjá ní agbègbè Airport tàbí Cantonments ní Accra, tí o rí àwọn òdòdó tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú ọ̀rá dúdú. Wọ́n á wù ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣírò iye tí wàá san kí iwájú ilé tó kún, wàá kàn wò wọ́n, wàá sì máa bá tìrẹ lọ. Tẹ́tí sí mi. Pákẹ́ẹ̀tì irúgbìn kan ṣoṣo lè fún ọ ní ogún òdòdó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gba ọgbà ńlá. Bí fèrèsé ilé rẹ bá ń rí oòrùn àárọ̀, o ti ní ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ìlànà tó wà lẹ́yìn pákẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe tiwa. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ irúgbìn òdòdó tí à ń rà ti ń wá, ojú ọjọ́ ibẹ̀ ni wọ́n sì rò kí wọ́n tó kọ ọ́. Wọ́n á ní kí o gbìn ín sínú ilé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí yìnyín tó kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn mìíràn á tún ní kí o wá ohun tí yóò máa mú ilẹ̀ gbóná lábẹ́ rẹ̀. Ní Accra ńkọ́? Ooru tí irúgbìn ń fẹ́ ti wà nínú yàrá rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Òtútù ló ń lé òdòdó tiwọn wọlé. Oòrùn ọ̀sán, òjò tó ń dà bí ẹni yí garawa dànù, èèrà tó ń kó irúgbìn lọ àti adìẹ aládùúgbò ló ń lé tiwa wọlé. Bí o bá ti mọ ohun tí ò ń sá fún, wàá mọ bí wàá ṣe tọ́jú ọ̀gbìn rẹ.

Àkókò wá ńkọ́? Òjò Accra kò pọ̀ tó ti Èkó. Èkó ń rí ju mìlímítà 1,500 lọ lọ́dún, Accra kì í sábà ju nǹkan bíi 800 lọ. Òjò ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó sì ń le jù ní oṣù kẹfà. Òjò kékeré máa ń wá ní oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Àwọn Gã tó ni ìlú náà kì í fi àkókò ìgbìn ṣeré. Bí òjò ńlá bá ti ń bọ̀ ni àwọn àlùfáà wọn tí wọ́n ń pè ní wulomei máa ń ṣe nmaadumo, ìyẹn ìgbìn ọkà ti ìbílẹ̀, kí wọ́n tó fòfin de ìlù àti ariwo ní ìmúrasílẹ̀ fún ọdún Homowo. Ní tèmi, òjò kékeré ni mo yàn fún òdòdó. Òjò oṣù kẹfà máa ń na òdòdó bolẹ̀, ewé á sì máa ní àmì funfun àti àmì dúdú nítorí ọ̀rinrin. Bí o bá gbin irúgbìn sínú ilé láàárín ìparí oṣù kẹjọ sí ìdajì oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì tutù díẹ̀, òjò kékeré á bá ọ bomi rin ín nígbà tí o bá gbé e síta. Kí Kérésìmesì tó dé, òdòdó ti kún ojúlé rẹ.

Ní ti ilẹ̀, jọ̀wọ́, má lọ bu iyanrìn etí òkun. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tó wà káàkiri pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra náà kò dára fún ọ̀gbìn, nítorí bí òjò bá rọ̀ ó máa ń lẹ̀ pọ̀, bí oòrùn bá mú un ó máa ń sán. Wá ilẹ̀ olóràá tí o ti fi asẹ́ sẹ́, kí o pò ó mọ́ ìhá àgbọn tí o ti gún wẹ́wẹ́ (àwọn alágbọn títì á fún ọ bí o bá béèrè dáadáa) àti ààtàn tó ti jẹrà pátápátá, ní ìwọ̀n kan náà. Da omi tó ń hó lé e lórí, jẹ́ kó tutù kí o tó lò ó. Imí adìẹ kò tíì kàn. Ó gbóná, ó lè jó gbòǹgbò ọmọ ọ̀gbìn.

Ike tí wọ́n fi bu oúnjẹ waakye fún ọ, agolo Milo, ọ̀rá pure water tí o fọ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní gbà fún ọ ni èyí tí kò níhò nídìí. Ihò gbọ́dọ̀ wà kí omi lè rọ́nà jáde.

Kọ́kọ́ bomi rin ilẹ̀ náà, lẹ́yìn náà kí o gbin irúgbìn. Bo irúgbìn ní ìlọ́po méjì bí ó ṣe nípọn. Petunia àti portulaca, tí wọ́n kéré bí eruku, orí ilẹ̀ ni kí o gbọ̀n wọ́n sí, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń hù. Vinca fẹ́ òkùnkùn, bò ó dáadáa. Zinnia àti marigold ló rọrùn jù, láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje wọn á ti yọjú. Fi ọ̀rá tó mọ́ kedere bò wọ́n títí wọn á fi hù, ọjọ́ tí o bá rí ewé àkọ́kọ́ gan-an ni kí o ṣí i kúrò.

Ibi tí ọkàn mi ń bàjẹ́ sí nìyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àbúrò mi ti ń fi òdòdó sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀gbìn á dúró ṣánṣán lálẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti dùbúlẹ̀, ìdí rẹ̀ ti rọ, ó sì ti pọ́n. Kì í ṣe òùngbẹ ló pa á. Omi ni. Àwọn kòkòrò àrùn inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pythium àti Rhizoctonia ló ń jẹ ọrùn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn ilẹ̀ tó tutù rinrin, ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àti ọ̀gbìn tó fún mọ́ra wọn. Kò sí oògùn tó lè gbé èyí tó ti ṣubú dìde. Yọ ọ́ pẹ̀lú ilẹ̀ tó yí i ká, kó má baà ran àwọn yòókù. Láti ìgbà náà lọ, má bu omi lé wọn lórí mọ́. Gbé ike náà sínú àwo omi fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àárọ̀ ni kó jẹ́, kí o sì gbé e kúrò. Kí o tó tún ṣe bẹ́ẹ̀, fi ìka kan ilẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù, fi í sílẹ̀. Àìní ìfẹ́ kọ́ ló ń pa ọ̀gbìn wa, ìtọ́jú àṣejù ni. Gé èyí tó bá pọ̀ jù pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, má fà á tu. Ṣí fèrèsé.

Bí ọ̀gbìn bá ga tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀ sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Nǹkan bíi wákàtí méjìlá ni ọ̀sán wa jálẹ̀ ọdún, nítorí náà ọjọ́ kò kúrú. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kọ́tìnnì àti òrùlé báàkónì ló ń dí i. Gbé e súnmọ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, kí o sì máa yí i lójoojúmọ́. O lè tún gbin marigold tó ga jù jinlẹ̀ dé abẹ́ ewé rẹ̀, yóò ta gbòǹgbò láti ara igi rẹ̀. Ajílẹ̀ kò kàn án títí ewé gidi yóò fi yọ tẹ̀lé méjì àkọ́kọ́.

Bí o bá fẹ́ gbé wọn síta, kọ́ ẹ̀kọ́ lára àwọn olóko kòkó. Ọgbà Aburi, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1890 lórí òkè Akuapem, ti pín ọ̀gbìn kòkó fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Títí di òní, imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn àgbẹ̀ Ghana fi ń ṣíji bo ọ̀gbìn kòkó, wọ́n á sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ wọn lára. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún òdòdó rẹ fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá: abẹ́ ìbòòji lákọ̀ọ́kọ́, oòrùn àárọ̀ tẹ̀lé e, kí ó tó di ti ọ̀sán. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ́ ọ. Zinnia àti ṣọkọ yòkòtò kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da gbòǹgbò wọn láàmú, torí náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí o gbìn wọ́n sínú ọ̀rá láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣọkọ tí a ń sè lọ́bẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ tó pupa yòò ni àwọn òyìnbó ń gbìn fún ẹwà, mi ò sì rí ìdí tí àwa náà kò fi ní gbìn ín síwájú ilé. Má ṣe lọ́ ohunkóhun nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á gbẹ ewé kí gbòǹgbò tó mú ilẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní pansy tàbí sweet pea. Wọn ò fẹ́ ooru Accra.

Ra pákẹ́ẹ̀tì zinnia kan, àbúrò mi, ìdajì ni kí o gbìn. Dá ìdajì yòókù sínú agolo tí ó dé dáadáa pẹ̀lú èédú gbígbẹ díẹ̀, kí o sì fi sínú fíríìjì, nítorí ooru àti ọ̀rinrin ìlú wa tètè ń pa irúgbìn. Wàá nílò rẹ̀ nígbà òjò tó ń bọ̀.