Kí Màmá Tó Wá Wẹ Ọmọ

Àbúrò mi, oyún rẹ ti wọ oṣù kẹjọ, màmá ọkọ rẹ sì ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá yẹ kẹ́ ẹ sọ, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, kó tó di pé ìkókó ń ké lóru tí oorun ń kun gbogbo yín.

Ọ̀rọ̀ omi àti àgbo ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Màmá á ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ẹ ò rí ooru ni? Bẹ́ẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Omi ló pọ̀ jù nínú wàrà ọmú fúnra rẹ̀. Omi ìta lè gbé àrùn wọlé, á sì tún gba àyè wàrà nínú ikùn kékeré yẹn. Má bá wọn sọ ọ́ fúnra rẹ o! Ọkọ rẹ ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ jọ lọ sí kílíníìkì kí nọ́ọ̀sì là á yé wọn. Kó fi ti ìwọ́ náà kún un: kò sí pé à ń fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, yọwọ́. Fi ìwẹ̀ lé màmá lọ́wọ́. Jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àpótí, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ọmọ sórí itan. Jíju ọmọ sókè nìkan ni kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fojú fò, ọrùn rẹ̀ ò tíì le. Ìdí ìwẹ̀ yìí ni oríkì ti ń wọ ọmọ létí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ju “Àbẹ̀ní” tàbí “Àkànní” lọ. Oríkì orílẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ àwọn màmá ló wà. Tan fóònù rẹ, kó o gbà á sílẹ̀.

Èyí tí à ń gbàgbé jù rè é: màmá kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ rí i pé ó wà nílé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fọ aṣọ gbogbo ilé. Bí wọ́n bá sì ń tajà, ìsọ̀ ni wọ́n tì kí wọ́n tó wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń padà, áńkárá dáa, àmọ́ owó tí wọ́n á fi tún ọjà rà ni kó ṣáájú.