Àkùrọ̀, Àbàtà, Irà: Ilẹ̀ Tí Ó Mu Omi Yó Lábẹ́ Ojú Irin

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé òde òní ni ó ń kó àkùrọ̀, àbàtà àti irà pọ̀, tí wọ́n ń pe gbogbo wọn ní ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ àgbẹ̀ Ìgbòho ní Òkè-Ògùn tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ sétí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò jẹ́ ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ etí omi tí ọ̀rinrin rẹ̀ kì í tán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ó sì ṣeé dá oko sí. Àbàtà ni ibi tí omi dúró sí láìṣàn. Irà ni èyí tí ẹsẹ̀ ń rì sí, tí yíyọ rẹ̀ sì di iṣẹ́. Ẹrẹ̀ kì í ṣe orúkọ ibì kan rárá, erùpẹ̀ tí ó ti pò mọ́ omi ni.

Ojú irin kò dé Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n odò Ògùn tí a fi sọ àdúgbò náà lórúkọ, tí ó ń ṣàn wá láti àwọn òkè ìtòsí Ṣakí, ni ojú irin tí ó so Èkó mọ́ Ìbàdàn láti ọdún 1901 gbà kọjá ní Abẹ́òkúta. Àwọn àgbà tí ó sọ pé àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan mọ ohun tí wọ́n ń wí, nítorí bí odò bá kún, omi abẹ́ ilẹ̀ etí rẹ̀ náà a ga, a sì lè dé abẹ́ irin láìsí ẹni tí ó rí i.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni à ń sọ pé ó mu omi yó. Kò tó kí a pè é ní ilẹ̀ tútù, nítorí ilẹ̀ tí ìrì sẹ̀ sí pàápàá tutù. Èyí tí ó mu omi yó ni omi ti kún gbogbo àlàfo tí ó wà láàrin horo erùpẹ̀ rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè níbẹ̀ mọ́. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá tẹ̀ ẹ́, omi ni yóò kọ́kọ́ gba ẹrù náà, nítorí kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Nínú yanrìn, omi a tètè sá lọ, ṣùgbọ́n nínú amọ̀, ẹsẹ̀ mìíràn a ti tún tẹ̀ ẹ́ kí ti ìṣáájú tó rọlẹ̀. Agbára omi a wá máa pọ̀ sí i, àwọn horo a dẹwọ́ lára ara wọn, ilẹ̀ tí ó gbé ọkọ̀ lánàá a sì di ẹrẹ̀ láìjẹ́ pé òjò kankan tún rọ̀. Ẹrẹ̀ yìí a gba àárín òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ irin ru sókè, tí pákó ìdábùú tí irin gùn lé yóò máa lọ sókè sódò bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá, tí omi ẹlẹ́rẹ̀ yóò sì máa ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí a ya rì sọ́tọ̀ kúrò lára jìn. Irin ni ó ń rì, díẹ̀díẹ̀, sínú òkúta tí ẹrẹ̀ ti kún; ilẹ̀ ni ó ń jìn, lójijì, nígbà tí omi ti gbá erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Jìn yìí náà ni ó wà nínú àkànlò tí à ń lò fún ẹni tí ó dọ́gbọ́n bi ẹlòmíràn ṣubú, pé ó jìn ín lẹ́sẹ̀.

Mì ní tirẹ̀ kò nílò kí ohunkóhun rì tàbí kí ó jìn. Ní Ledsgård, ní orílẹ̀-èdè Swídìn, ní nǹkan bí ọdún 1997, amọ̀ rírọ̀ tí ojú irin gbà kọjá ń mì tìtì bí ọkọ̀ bá sáré púpọ̀, nítorí eré ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eré tí ìmìtìtì fi ń rìn nínú ilẹ̀ náà dọ́gba. Ṣe ni wọ́n dín eré ọkọ̀ kù, kí wọ́n tó po láìmù àti sìmẹ́ǹtì mọ́ amọ̀ náà bí òpó, tí ó fi le.